Ìdánwò Abẹ́rẹ́ fún Àrùn Awọ Ara

Àrùn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ẹ́kísímà. Kì í ràn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹni tí ó mú rí oorun sùn. Ibi tí apá ti ń ṣẹ́po, ẹ̀yìn orúnkún àti ọrùn a máa yún un. Bí ó bá họ ọ́ títí, awọ ibẹ̀ a le. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ a máa ti Mushin àti Sùúrùlérè wá sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìdí-Àràbà.

Ìpara ni a kọ́kọ́ fi ń tọ́jú rẹ̀. Nítorí àwọn tí ìpara kò ràn lọ́wọ́ ni a ṣe wá abẹ́rẹ́ tí ń jẹ́ dupilumab. Ara ẹlẹ́kísímà a máa ránṣẹ́ ogun nígbà tí ọ̀tá kò sí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà ni láti dí etí tí ń gbọ́ ìránṣẹ́ yìí.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ní ọdún 2016 ni a tẹ èsì ìdánwò méjì jáde, tí a ṣe lára àgbàlagbà 1,379. A pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta bí ẹni ṣẹ́ kèké: ìdá méjì gba oògùn, ìdá kẹta gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun gbà, dókítà tí ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sì mọ̀. Ẹlòmíràn lè pe èyí ní ẹ̀tàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí a ti sọ fún olúkúlùkù ṣáájú. Ẹ́kísímà a sì máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí kò bá sí ìdá kẹta yìí, ta ni yóò mọ̀ bóyá oògùn ni ó ṣe é? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, nínú 100 tí ó gba oògùn, ara bí 37 ti mọ́ tàbí ó kù díẹ̀ kí ó mọ́. Nínú 100 tí kò gbà á, bí 9 péré ni. Oògùn náà sì mú kí ojú àwọn kan pọ́n.

Ọ̀ràn kan kù. Pípọ́n awọ wà lára ohun tí a fi ń díwọ̀n àrùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í hàn kedere lára ènìyàn dúdú. Àwọ̀ eérú ni ibẹ̀ ń ní, tàbí kí ó dúdú sí i. Díẹ̀ ni ènìyàn dúdú sì jẹ́ nínú àwọn 1,379 wọ̀nyẹn. Ó yẹ kí irú ìdánwò báyìí dé Ìdí-Àràbà, kí ó sì dé Yábàá, níbi tí ilé ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn kò ṣàìnídìí. Ní Kánò ní ọdún 1996, a dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń jà, àwọn òbí kan sì fẹ̀sùn kàn pé a kò sọ fún wọn pé ìdánwò ni. Òfin ìlera ti ọdún 2014 pàṣẹ pé ẹni tí a ó dán nǹkan wò lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ ṣe àti ewu tí ó wà níbẹ̀, kí ó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé. Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti jáde nígbàkúùgbà, kí ó sì máa gba ìtọ́jú rẹ̀ lọ.