Ẹni tí ń Wá Ohun tí Ojú Kò Rí

Omi kò ní ọ̀tá; ẹni tí ó bu omi, ẹ̀mí ni ó bù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n bí ohun búburú bá fara pamọ́ sínú omi, ẹ̀mí tí a rò pé a bù lè di àìsàn. Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò àti Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní Sàngó, ní Ọ̀tà àti ní Àgbárá, ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ilé tí ènìyàn ń gbé wà nítòsí ara wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga. Báwo ni ẹni tí ó fa omi yóò ṣe mọ̀ pé ó mọ́?

Ojú lásán kò lè sọ. Òjé, irin rírọ̀ tí ó wà nínú bátìrì ọkọ̀, kò ní àwọ̀ bí ó bá yòrò sínú omi, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ń ba ọpọlọ àgbà nìkan jẹ́. Ti ọmọdé ni ó ń bà jẹ́ jù. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí òjé inú omi mímu má ṣe ju gíráàmù 1 lọ nínú 100,000 lítà. Ọkọ̀ agbómi mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé 10,000 lítà ni èyí. Gíráàmù 1 kò sì tó iyọ̀ ẹ̀kún ṣíbí tíì. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ọmọ tí ó lé ní 400 kú nítorí òjé inú erùpẹ̀ tí wọ́n ń lọ̀ láti rí góòlù. Àwọn òbí rò pé ibà ni. Ìgbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò ni àṣírí tó tú.

Àwọn tí ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú nǹkan, àti bí ó ti pọ̀ tó. Ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú irinṣẹ́ wọn. Bí iyọ̀ bá dà sínú iná, iná náà a di àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá jẹ́ bàbà, a di àwọ̀ ewé. Olúkúlùkù ni ó ní àwọ̀ tirẹ̀. Ní 1860, Bunsen àti Kirchhoff ní Jámánì fi ọgbọ́n yìí rí caesium, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1955, Alan Walsh ní Australia fi hàn pé a lè fi ìmọ́lẹ̀ tí irin gbé mì wọn iye rẹ̀. Ní 1960, Maiman ní Amẹ́ríkà ṣe lésà àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo tí ń lọ tààrà. Bí lésà líle bá ba òkúta, bíńtín lára òkúta náà a gbiná, àwọ̀ iná náà a sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Láti 2012 ni ọkọ̀ Curiosity ti ń yẹ òkúta wò báyìí lórí Mars.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú irinṣẹ́ wọ̀nyí tóbi, wọ́n sì wọ́n. Kì í lọ sí ìdí kànga. Láti dín ìṣòro yìí kù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọmọ́wùnmí Sadik ṣe fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá irinṣẹ́ kékeré. Èkó ni a bí i sí ní 1964. Ó ka kẹ́mísírì ní Yunifásítì Èkó, ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1985, ó gba èkejì ní 1987. Ó rékọjá òkun lọ sí Yunifásítì Wollongong ní Australia, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní 1994. Ní 1996 ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní Yunifásítì Binghamton ní Amẹ́ríkà. Ní 2019 ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti New Jersey.

Ọ̀nà tirẹ̀ kì í ṣe ti ìmọ́lẹ̀ nìkan. Àwọn nǹkan kan wà nínú ara ohun alààyè tí ń dá ọ̀tá kan ṣoṣo mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ajá ọdẹ ti ń dá òórùn ẹran mọ̀. Sadik so irú wọn mọ́ ike tí iná mànàmáná lè gbà kọjá. Bí wọ́n bá pàdé ohun tí wọ́n ń wá, iná náà a yí padà, olùṣọ́ a sì mọ̀. Báyìí ni a ṣe lè wá májèlé, oògùn olóró àti ohun ìjà abúgbàù. Ní 2012, òun àti Barbara Karn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ kí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ìmọ̀ tuntun ń dá má bàa pa ènìyàn àti ilẹ̀ lára. Ní 2016, Nàìjíríà fi oyè ẹ̀yẹ tí ó ga jù fún àwọn ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá.

Láti 2002 ni Yunifásítì Covenant ti wà ní Ọ̀tà, a sì ń kọ́ kẹ́mísírì níbẹ̀. Ìlú kò lè ti ilé-iṣẹ́ pa kí ebi má pa ará ilé. Kò sì lè fi ọmọ wẹ́wẹ́ dán omi wò. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ń kàwé di ojú fún àwọn tí ń pọn omi.