Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Láti Parakou dé etí òkun nínú ọkọ̀ tí ìdílé ń sùn sí

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbé ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná gba etí òkun Pàsífíìkì lọ nígbà ìsinmi. Ìdílé tó ń gbé ní Parakou, ní orílẹ̀-èdè Benin, náà lè ṣe é. Bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n tẹ́ ibùsùn sí, sítóófù gáàsì, kẹ́ẹ̀gì omi àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà láti Parakou dé Kútọnu, ìlú tó wà létí òkun, lé ní 400 kìlómítà, kò yẹ kí wọ́n kánjú. Àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ àti òkè 41 tí a mọ Idáìsà mọ́ wà lójú ọ̀nà.

Láti Kútọnu, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches gba etí omi lọ sí Ouidah láàrin igi àgbọn. Níbẹ̀ ni àwọn apẹja, tọmọdé tàgbà, ti ń tò sídìí okùn gígùn, tí wọ́n ń fi orin fa àwọ̀n jáde. Ní Ouidah, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà dúró létí òkun ní ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Ó yẹ kí àwọn ọmọ gbọ́ ìtàn yìí níbẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn Ouidah ni Grand-Popo, nítòsí ibi tí odò Mono ti wọ òkun.

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló dára jù fún ìrìn àjò yìí, torí òjò kì í pọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ìgbì òkun yìí le, ó sì máa ń fa èèyàn lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ inú rẹ̀.