Àwo Fẹlá Tí Wọ́n Tún Ṣe Lẹ́yìn Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀ràn kan wò. Ká ní ẹ ti fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya ọnà sára àdìrẹ, ẹ sì ti gbé e lọ fún aláró ní Ìtòkú, ni ìrọbí bá mú yín. Kí ẹ tó ti ilé ìgbẹ̀bí dé, ẹlòmíràn ti rẹ díẹ̀ lára ọnà náà, ó ti fi àwọ̀ mìíràn lé e, ó sì ń fi orúkọ yín tà á. Bí àwọn oníbàárà tilẹ̀ ń yìn ín, ǹjẹ́ inú yín yóò dùn?

Irú èyí ni ó bá Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní 1985. Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1938. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ni ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n kọ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Ní September 1984, bí Fẹlá ti fẹ́ lọ kọrin ní Amẹ́ríkà, ìjọba ológun mú un ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà lórí ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni wọ́n dá fún un.

Ó ti gba orin “Army Arrangement” sílẹ̀ ṣáájú. Orin náà ń bú bí àwọn ológun ṣe gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979, ó sì ń bèèrè owó epo, bílíọ̀nù 2.8 náírà, tí ariwo ta pé ó sọnù. Ilé-iṣẹ́ Celluloid gbé e fún Bill Laswell, ará Amẹ́ríkà tí ó lọ́wọ́ nínú “Rockit” ti Herbie Hancock ní 1983. Laswell gé e kúrú. Ó mú Sly Dunbar ará Jàmáíkà wá lu ìlù oníná, Bernie Worrell sì tẹ dùùrù.

Àwọn kan ní òkè òkun fẹ́ràn bí ìlù náà ṣe ń dún gbì-gbì. Àwọn olólùfẹ́ orin Fẹlá bínú. Ẹni tí ó bá mọ orin ọkùnrin yìí mọ̀ pé kì í yára. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń hó, bí ọbẹ̀ orí iná igi, kí ohùn tó wọ inú rẹ̀. Fẹlá fúnra rẹ̀, a gbọ́ pé ó ní gbígbọ́ rẹ̀ burú ju ẹ̀wọ̀n tí òun wà lọ.

Lójú tèmi, ẹ̀rọ kọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀, nítorí Fẹlá náà ń tẹ dùùrù oníná. Àìbéèrè lọ́wọ́ onínǹkan ni ó dun ni, nígbà tí kò lè jáde wá sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́: àwo náà kò jẹ́ kí ayé gbàgbé orúkọ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn. Oṣù April 1986 ni wọ́n tú u sílẹ̀.

Èyí tí Fẹlá ṣe gan-an ti wà lọ́jà pẹ̀lú. Bí ọkọ yín bá gbé àwo náà wálé, ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ Laswell, èyí tí wọ́n tún ṣe ni. Ti Fẹlá gùn tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ó ti wẹ ọmọ, ẹ ó ti fi òrí pa á lára, kí ó tó parí.