Bí Ìjì Ti Ń Mú Òkun Kún

Ọmọ tí a bí sí Ìjerò, sí Aramọkọ tàbí sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ ìjì dáadáa. Ojú ọ̀run a ṣú dùdù ní ìhà ìlà-oòrùn, eruku a sọ, páànù ilé a sì ṣí. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti kọjá. Ṣùgbọ́n ní etíkun, omi ni ìjì ń rán sí ènìyàn.

Bí a bá bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, tí a sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan, omi náà a wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fúùfù líle ṣe ń ti omi òkun jọ sí etí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ní ìwúwo tí ó fi ń tẹ òkun mọ́lẹ̀. Nínú ìjì, ìwúwo yìí a dín kù, òkun a sì wú díẹ̀. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kínní, 1953, irú omi bẹ́ẹ̀ bo etíkun ilẹ̀ Họ́lándì, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 1,800 lọ.

Ní etíkun tiwa, ọ̀rọ̀ náà ya ni lẹ́nu ju èyí lọ. Ìjì ńláńlá tí ń dààmú etíkun Amẹ́ríkà kì í jà níhìn-ín, síbẹ̀ òkun a máa ru. Ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ni ìjì tí ó fà á ti ń jà, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibùsọ̀ sí Èkó, pàápàá láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ tí òtútù ń mú lọ́hùn-ún. Ìgbì tí ó gbé dìde a rin ìrìn ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Omi ìgbì ìṣáájú kò ní í tíì padà tán kí ti ẹ̀yìn tó dé, omi etíkun a sì máa ga sí i. Oòrùn lè máa ràn nígbà náà, kí ewé igi àgbọn má sì mì. Ní oṣù Kẹjọ 2012, òkun ru ní etíkun Kúrámọ̀ ní Èkó, ó sì gbá ènìyàn lọ, nínú oṣù tí òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀.

Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé àti ojú ọ̀nà sínú òkun. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga rárá. Bí ìgbì òkèèrè bá bá wọn ní àkókò tí òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tí ó kún, tí omi òkun ti ga tẹ́lẹ̀, inú yàrá ni yóò bá wọn.