Ìtọ́jú Fọ́nrán Ohùn Ìpàdé Ẹgbẹ́ Akọrin: Ohun tí Ìwé Orin Mímọ́ Kò Lè Pa Mọ́

Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe lè dáàbò bo àwọn fọ́nrán tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ fi gba ohùn ìpàdé wọn sílẹ̀. Ní òkè òkun, ó pẹ́ tí ẹgbẹ́ tí ó ń wádìí orin ìsìn ti wà: ọdún 1922 ni a dá ti Amẹ́ríkà sílẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀lé e ní 1936. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹgbẹ́ akọrin ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ pe ara wọn ní olùwádìí. Wọ́n ń kọ́ orin, wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọ́n sì ń tún ohùn rẹ̀ ṣe. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì, tí ilé-iṣẹ́ Philips gbé jáde ní 1963, di ohun tí apá ọ̀pọ̀ ènìyàn ká, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú fọ́nrán. Inú páálí lábẹ́ ibùsùn tàbí nínú yàrá ìkẹ́rùsí ìjọ ni púpọ̀ nínú wọn wà.

Ohun tí fọ́nrán mọ̀ tí ìwé kò mọ̀

Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Bí ohùn orin àjèjì bá lọ sílẹ̀ níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, ìtumọ̀ yóò dàrú. Ẹ wo ‘ọ̀run’: ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ṣáájú, ohùn àárín sì tẹ̀lé e. Bí orin bá yí i po, tí ó ti òkè wá sísàlẹ̀, ‘ọrùn’ ni etí yóò gbọ́, ìjọ a sì máa kọrin nípa ibi tí a ń so ìlẹ̀kẹ̀ sí. Ìṣòro yìí wà lára ohun tí Ekundayo Phillips, tí ó jẹ́ atẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ ní Èkó, gbé yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953.

Ṣùgbọ́n ìwé orin mímọ́ tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan kò fi ohun tí àwọn akọrin ṣe sí ìṣòro náà hàn. Bí ìjọ bá ń kọrin, wọn a máa tẹ ohùn náà díẹ̀díẹ̀ kí ó lè bá ọ̀rọ̀ mu. Wọn a fa sílébù kan gùn, wọn a gé òmíràn kúrú. Nínú ìpàdé ni a ti ń gbọ́ ìdí rẹ̀, nígbà tí àgbà kan bá dá orin dúró tí ó ní, ‘Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ń pè é.’ Ní tiwa, gbólóhùn bẹ́ẹ̀ níye lórí fún onímọ̀ èdè ju orin tí a ti kọ́ yanjú lọ.

Ẹni-ọ̀wọ̀ Josiah Jesse Ransome-Kuti (1855–1930) kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin ọdún 1920 sí 1929. Àwo tí a tẹ̀ tà máa ń ní ọ̀pọ̀ ẹ̀dà. Bí ọ̀kan fọ́, òmíràn lè wà níbòmíràn. Fọ́nrán ìpàdé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, bí ó bá ti bàjẹ́, ó parí.

Bí fọ́nrán ṣe ń bàjẹ́

Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni fọ́nrán. Lẹ́búlẹ́bú tí òòfà ń ṣiṣẹ́ lé lórí ni a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn, inú lẹ́búlẹ́bú yìí sì ni ohùn wà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù náà. Nínú fọ́nrán onírólù mìíràn, pàápàá àwọn tí a ṣe láàrin 1970 sí 1990, gọ́ọ̀mù a máa fa omi, a sì di ohun tí ń lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ. Àwọn rólù tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a fi asetéètì ṣe, a máa rùn bí ọtí kíkan bí wọ́n bá ń jẹrà. Ẹ tètè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí èéfín wọn lè ran àwọn tó kù. Ti kásẹ́ẹ̀tì tún yàtọ̀: tìmùtìmù kékeré tí ń ti ọ̀já mọ́ orí ẹ̀rọ a máa já bọ́. Ọ̀já kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí méjì sì fẹ́lẹ́ púpọ̀, ó máa ń tètè ká mọ́ ẹ̀rọ lára.

Ewu mìíràn wà tí kò kan òjò tàbí eruku. Àwọn ẹ̀rọ tí ó lè ka fọ́nrán wọ̀nyí ń tán lọ, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe náà sì ń dàgbà. Nítorí èyí ni UNESCO àti ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn lágbàáyé fi ké gbàjarè ní 2019, tí wọ́n sì ń tọ́ka sí 2025 gẹ́gẹ́ bí ọdún tí àǹfààní náà lè ti máa bọ́. Ọdún náà ti dé.

Gbígba ohùn náà là

Kí a tó fi fọ́nrán kankan sẹ́nu ẹ̀rọ, kí a kọ́kọ́ fọ́ ewé ṣíṣù méjèèjì tí ó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má ba à gba nǹkan mìíràn lé e. Kí a kọ gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí tí a fi pẹ́ńsùlù kọ. Kí a nu orí ẹ̀rọ, kí a sì yí i títí ohùn yóò fi já geere, nítorí bí orí ẹ̀rọ tí a fi gba ohùn ṣe rí lè yàtọ̀ sí tiwa.

Fáìlì WAV ni kí a gbà á sí, kì í ṣe MP3, tí ó ń ju apá kan ohùn nù kí fáìlì lè kéré. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ yàn ni bíìtì 24 ní 96,000 ìwọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohùn bá jẹ́ onípele méjì, wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi gígábáìtì méjì. Ẹ̀dà mẹ́ta ló yẹ, kí ọ̀kan sì wà ní ìlú mìíràn.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ sábà máa ń fẹ́ fọ ariwo kúrò kí orin lè dùn. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀dà, kí wọ́n má fọwọ́ kan èyí tí a fi pamọ́. Ìkọ́, ìró àga, àkùkọ tó kọ níta àti ìjiyàn àgbà wà lára ẹ̀rí.

Àdúrà àti ẹ̀rí ara ẹni wà nínú ìpàdé pẹ̀lú: ẹni tí ó dárúkọ àìsàn rẹ̀, ẹni tí ó sunkún nítorí ọmọ. Kò rò pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ ọ ní ogójì ọdún sí i. Kí apá bẹ́ẹ̀ wà lódindi nínú ẹ̀dà ìpamọ́, ṣùgbọ́n kí a yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí a ó máa gbọ́, títí ẹni náà tàbí ẹbí rẹ̀ yóò fi fọwọ́ sí i.