Bí Ẹgbẹ́ Obìnrin Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ẹgbẹ́ obìnrin orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwùjọ tí àwọn obìnrin ti ń sọ ohun tí ojú wọn ń rí, tí wọ́n sì ti ń ran ara wọn lọ́wọ́, bí wọn ò tiẹ̀ mọ ara wọn sójú. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn láàrin àwọn ọmọ Nàìjíríà ni Female IN, tí wọ́n ń pè ní FIN. Lọlá Ọmọlọlá, akọ̀ròyìn tó ń gbé ní Chicago, ló dá a sílẹ̀ lórí Facebook ní 2015, ọdún kan lẹ́yìn tí Boko Haram jí àwọn ọmọbìnrin Chibok gbé. Nígbà tí yóò fi di 2017, àwọn obìnrin inú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ẹgbẹ́ kì í ṣe nǹkan tuntun fún obìnrin Yorùbá. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà, àsàlátù, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti èésú ti wà tipẹ́. Ẹgbẹ́ obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí ní Abẹ́òkúta ja ìjà owó orí títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó orí ṣeé sọ ní gbangba, ọ̀rọ̀ inú yàrá kò ṣeé sọ bẹ́ẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ní Sábó, àdúgbò tí àwọn Hausa oníṣòwò obì tẹ̀dó sí ní Ṣágámù, ilé fara ti ilé, ìsọ̀ fara ti ìsọ̀. Ohun tí obìnrin bá sọ ní ìsọ̀ láàárọ̀ lè dé etí ìyá ọkọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ni FIN kọ́kọ́ bò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá wá a lórí Facebook kò ní rí i, àfi kí ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ mú un wọlé. Bí ìyàwó kan bá fẹ́ sọ pé ọkọ òun ń lu òun, tí kò sì fẹ́ kí orúkọ òun hàn, ó lè fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí àwọn alábòójútó, kí wọ́n gbé e jáde láìdárúkọ. Lẹ́yìn èyí ni òfin ìdáhùn: kò sí èébú, kò sí ìwàásù, kò sí ìdálẹ́bi. Irú ìbéèrè bíi “Kí lo ṣe fún un tó fi lù ọ́?” kò láàyè níbẹ̀. Ẹni tó rò pé òun nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí yóò wá rí ọ̀pọ̀ tó ti la irú rẹ̀ kọjá.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà a máa jáde sí gbangba. Ní oṣù kejì 2019, Khadijah Adamu sọ lórí Twitter nípa ìyà tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ àtijọ́ fi jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni ìpolongo ArewaMeToo ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Hausa náà fi ń sọ tiwọn. Ní 2020, ẹgbẹ́ obìnrin mìíràn, Feminist Coalition, kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà jọ fún EndSARS, ìwọ́de tó tako ìwà ipá ọlọ́pàá.

Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní ibi tí agbára wọn mọ. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, kí ó sì tú àṣírí. Gbájúẹ̀ lè fi ìtàn èké tọrọ owó. Ẹni tí kò lè kàwé, tàbí tí kò lówó dátà, kò sí níbẹ̀. Ìmọ̀ràn kò sì lè dípò dókítà tàbí ilé ẹjọ́. Obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní láti dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, nítorí àkókò yẹn ni oògùn tó ń dènà HIV lè ṣiṣẹ́. Ní Ṣágámù, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà nítòsí. Ní ti òfin, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 lórí ìwà ipá kò kọjá Àbújá, ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2017. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọkọ máa lu aya, ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ pé kí ó jìnnà sí i. Ẹgbẹ́ tó bá ń darí obìnrin sí ọ̀nà wọ̀nyí ló ń ṣe ìrànlọ́wọ́ tó kún.