Bí Ìyá Àgbà Kò Bá Gbọ́ Òórùn Irú Mọ́

Ẹ̀yin òbí, bí ìyá àgbà l'Éjìgbò tàbí Ifẹ̀-Ọ̀dàn bá ń jẹ ọbẹ̀ tó ti kan láìfura, ẹ má pè wọ́n ní ọ̀bùn. Imú wọn ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Òkè ihò imú ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ òórùn wà, nǹkan bíi 400 ẹ̀yà. Àwọn tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ fọ́n ká, ojú kan náà ni okùn wọn ń forí lé lábẹ́ iwájú ọpọlọ, bí àwọn oníirú ṣe ń pa ìsọ̀ pọ̀ lọ́jà. Àwọn ìsọ̀ tó bá jí ni ọpọlọ fi ń mọ̀ bóyá irú ni tàbí èéfín. Linda Buck àti Richard Axel, ará Amẹ́ríkà, gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ òórùn yìí lọ́dún 2004.

Ara máa ń pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, àmọ́ ogbó ń fa ìpààrọ̀ náà sẹ́yìn. Ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀kadà tó forí sọlẹ̀ náà lè má gbóòórùn mọ́. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè já. (Áàṣáà kò lè so ó o!)

Kí ọmọ ilé máa bá màmá gbóòórùn ọbẹ̀. Bó bá dédé lọ láìsí ọ̀fìnkìn, ẹ gbé wọn lọ sọ́sibítù.